Ìwé Tí Stevie Wonder Fọwọ́ Sí Lẹ́yìn Tó Pé Ọmọ Ọdún 21

Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ènìyàn bí wọ́n bá dárúkọ Stevie Wonder. Ta ni yóò jiyàn? Ọmọ tí kò fojú rí ayé rí, tó ń fọn hàmóníkà, tó ń tẹ dùùrù, tó ń lu ìlù, tí orin rẹ̀ sì gba ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13, kí la fẹ́ pè é bí kò ṣe ẹlẹ́bùn? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ẹ̀bùn yẹn wà lára rẹ̀ ní 1963, ó wà lára rẹ̀ ní 1968, síbẹ̀ àwọn àwo tí àwọn tó mọ orin fi ń búra títí dòní, láti Talking Book ti 1972 dé Songs in the Key of Life ti 1976, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jáde kó tó pé ọmọ ọdún 21. Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín. Lójú tèmi, ohun náà kì í ṣe ohun èlò orin, kì í sì í ṣe ìran tàbí ìṣípayá. Ìwé àdéhùn ni, irú èyí tí àwọn lọ́yà ń kọ, tí àwọn olórin kì í sábà fẹ́ kà tán.

Ní ìlú Saginaw, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1950. Oṣù rẹ̀ kò pé. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó pọ̀ jù níbẹ̀ sì ba awọ ẹ̀yìn ojú rẹ̀ jẹ́. Ó ṣì kéré nígbà tí ìyá rẹ̀, Lula Mae Hardaway, kó àwọn ọmọ lọ sí Detroit, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní 1961, Ronnie White, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ akọrin The Miracles, mú un lọ sí ilé-iṣẹ́ Motown kí Berry Gordy tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 kò lè dá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, nítorí náà ìyá rẹ̀ ló bá a fọwọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ ń fún un ní owó ìnáwó díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń fi ìyókù pa mọ́ fún un di ìgbà tí yóò pé ọmọ ọdún 21. Kò sí aburú nínú kí wọ́n bá ọmọdé tọ́jú owó. Ibi tí wàhálà wà ni pé àwọn tó jẹ ẹ́ lówó náà ló ń ka owó ọ̀hún.

Ó yẹ ká mọ irú ilé tó bọ́ sí. Gordy ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Lincoln-Mercury, níbi tí irin lásán ti ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà kan tí ọkọ̀ tuntun sì ń gba òdìkejì jáde. Owó tó fi bẹ̀rẹ̀ Motown ní 1959 kò ju 800 dọ́là tó yá nínú àpò àjọni àwọn ẹbí rẹ̀. Ìlànà tó bá nídìí ọkọ̀ ló gbé wá sídìí orin. Àwọn kan wà fún kíkọ orin, àwọn kan wà fún ohun èlò, àwọn kan ń kọ́ akọrin bí wọ́n ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò, àwọn alákòóso á sì pàdé lọ́jọ́ Ẹtì láti dìbò lórí orin tí yóò jáde àti èyí tí kò ní í jáde. Akọrin kàn ń wá fi ohùn sí i ni. Ètò náà ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀: orin àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ blues, èyí tí ayé ń pè ní soul, ó sọ ọ́ di orin tí ọmọ aláwọ̀ funfun ní abúlé Amẹ́ríkà ń jó sí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí owó ń gbà. Orin kan ní olówó méjì. Ẹni tó kọ ọ́ ló ni ilẹ̀, ẹni tó gbà á sílẹ̀ sínú àwo ló ni ilé tó wà lórí ilẹ̀ náà. Bí rédíò bá lù ú, tàbí tí akọrin mìíràn tún un kọ, onílẹ̀ ń gba tirẹ̀. Bí àwo bá tà, onílé ń gba tirẹ̀. Ní Motown, Gordy ló ni méjèèjì. Jobete, tó jẹ́ ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ló ń di ẹ̀tọ́ gbogbo orin tí àwọn èèyàn ibẹ̀ bá kọ mú. Èyí tó burú jù lójú mi ni pé ilé yìí kan náà ló tún ń ṣe alágbàtà fún àwọn akọrin. Ẹni tó yẹ kó bá ilé-iṣẹ́ fa ọ̀rọ̀ nítorí akọrin, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni.

Mi ò sọ pé ilé ìkà ni Motown o. Ilé ẹ̀kọ́ ni fún Stevie, irú èyí tí owó kò lè rà. Ó kọ́ ìlù lára Benny Benjamin, ó ń gbọ́ bí James Jamerson ṣe ń ta gìtá béèsì, Clarence Paul sì ń tọ́ ọ sọ́nà bí wọ́n ṣe ń to orin. Nígbà tí ohùn rẹ̀ yí padà bó ṣe ń bàlágà, tí àwọn kan nínú ilé-iṣẹ́ ti ń rò ó pé kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ, obìnrin kan tó ń kọ orin níbẹ̀, Sylvia Moy, ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wá orin tó bá ohùn tuntun náà mu. Òun, Stevie àti Henry Cosby ló jọ kọ "Uptight", tó jáde ní 1965. Kò sí ọ̀rọ̀ orin náà ní ìwé àwọn afọ́jú lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀, nítorí náà Moy ń sọ ìlà kọ̀ọ̀kan sí i létí kó tó kọ ọ́ jáde. Orin yẹn ló gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìgbàgbé.

Síbẹ̀, ẹ wo àwọn àwo rẹ̀ láàárín 1966 sí 1969. Orin kan tàbí méjì tó gbayì ló máa ń wà níwájú, ọ̀pọ̀ nínú ìyókù sì jẹ́ orin ẹlòmíràn tí wọ́n ní kó tún kọ kí àwo lè kún. "For Once in My Life" tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1968, Ron Miller àti Orlando Murden ló kọ ọ́. Nígbà yẹn kan náà, àwọn ẹlòmíràn ń jẹ àǹfààní làákàyè rẹ̀: òun ló gbé ohùn "The Tears of a Clown" wá fún Smokey Robinson ti ẹgbẹ́ The Miracles, òun náà ló sì gbé "It's a Shame" jáde fún ẹgbẹ́ The Spinners ní 1970. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí kò ṣàìní ẹ̀bùn. Àyè ni kò ní.

Gordy kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé òun wà níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọdún 21 Stevie, inú gbogbo wọn dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí òun padà sílé, lẹ́tà lọ́yà ló ń dúró de òun: gbogbo àdéhùn àtijọ́ ti di òfo. Òfin ló fún ọmọkùnrin náà láyè, torí àdéhùn tí wọ́n ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé, ó lè kọ̀ ọ́ nígbà tó bá dàgbà. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ṣe sọ, bíi mílíọ̀nù kan dọ́là ló gbà nínú owó tí wọ́n tọ́jú fún un, iye tó kéré gan-an sí ohun tí àwọn àwo rẹ̀ ti mú wọlé láàárín ọdún 10. Kò fi kọ́lé. Ó kó lọ sí New York, ó sì ń fi owó ara rẹ̀ háyà sítúdíò lálaalẹ́.

Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ kì í dúró síbẹ̀ pẹ́. Kò tíì bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn tuntun nígbà tó ń gba àwọn orin wọ̀nyẹn sílẹ̀. Òun ló sanwó sítúdíò, òun ló kọ orin, òun ló lu ohun èlò, nítorí náà òun ló ni ohun tó wà lórí téèpù. Nígbà tí òun àti lọ́yà rẹ̀, Johanan Vigoda, wá jókòó sí ìdúnàádúrà, kì í ṣe ìlérí ni wọ́n gbé wá, ọjà tó ti jinná ni, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ń fẹ́ ẹ. Motown náà kò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn mẹ́ta tó kọ ọ̀pọ̀ orin ńlá rẹ̀, Holland, Dozier àti Holland, ti bínú kúrò, ẹjọ́ owó sì wà nílé ẹjọ́. Gordy kò fẹ́ pàdánù Stevie náà.

Ìwé tí wọ́n wá fọwọ́ sí tó bíi ojú ewé 120. Kókó rẹ̀ rọrùn láti sọ. Stevie ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ tí yóò máa ṣe àwo, ó ń jẹ́ Taurus; ó ní Black Bull, tí yóò máa pín ẹ̀tọ́ orin tó bá kọ pẹ̀lú Jobete; òun ni yóò pinnu ohun tí yóò wà nínú àwo; iṣẹ́ Motown ni kí ó tẹ̀ ẹ́, kó sì tà á. Ìpàdé ọjọ́ Ẹtì kò ní ìbò kankan lórí rẹ̀ mọ́. Ní ilé kan tí wọn kì í tilẹ̀ í kọ orúkọ àwọn onílù sẹ́yìn páálí àwo títí di 1971, kékeré kọ́ nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tí àyè yẹn bí. Ó ti pàdé ọkùnrin méjì, Malcolm Cecil àti Robert Margouleff, tí wọ́n kó oríṣiríṣi ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ṣẹ̀dá ohùn jọ, tí wọ́n so wọ́n pọ̀ di ẹ̀rọ ńlá kan tó kún yàrá, wọ́n pè é ní TONTO. Ẹ̀rọ náà kò dùn ún lò. Kí ohùn kan tó jáde bí èèyàn ṣe fẹ́, wọ́n á ti fa wáyà, wọ́n á ti yí ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì. Níbi tí wọ́n ti ń ka wákàtí sítúdíò bí owó, kò sẹ́ni tí yóò ní sùúrù fún un. Stevie ní sùúrù, torí pé òun ló ni aago. Nínú "Superstition", tó gba ipò kìíní ní ìbẹ̀rẹ̀ 1973, òun ló lu ìlù, òun ló tẹ dùùrù, òun ló fi ẹ̀rọ ta béèsì. Fèrè nìkan ni wọ́n bá a fọn. Nínú "Living for the City", ó dá gbogbo ohun èlò lù. Orin yẹn ju ìṣẹ́jú méje lọ, eré sì wà láàárín rẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wọ bọ́ọ̀sì láti Mississippi dé New York, kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi ẹrù ẹlẹ́rù há a lọ́wọ́, ó dèrò ẹ̀wọ̀n. Ẹ rò ó wò, ta ni yóò dìbò fún un nínú ìgbìmọ̀ tó ń wá orin ìfẹ́ oníṣẹ̀ẹ́jú mẹ́ta?

Àwọn kan yóò sọ pé kì í ṣe ìwé kankan, pé ìgbà ló yí padà, pé Marvin Gaye náà gbé What's Going On jáde ní Motown ní 1971 láìní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ó gbé e jáde. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe gbé e jáde? Gordy kò fẹ́ràn orin náà, Marvin sì takú pé òun kò ní í gba orin mìíràn sílẹ̀ àfi bí ìyẹn bá jáde. Ìyanṣẹ́lódì ló fi rí i gbà. Ohun tí èèyàn fi ìyanṣẹ́lódì gbà lónìí, ó lè tún ní láti jà fún un lọ́la. Ohun tó bá wà nínú ìwé kò béèrè ìjà mìíràn. Bó ṣe rí fún Stevie nìyẹn láàárín 1972 sí 1976, àwo márùn-ún léraléra láìsí pé ẹnikẹ́ni ní láti gbà fún un.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀rọ TONTO àti àwọn tó ni ín ló ṣe é. N kò fojú kéré Cecil àti Margouleff. Àmì ẹ̀yẹ Grammy tí wọ́n gbà fún gbígba àwo Innervisions ti Stevie sílẹ̀ tọ́ sí wọn. Kí Stevie tó dé, àwọn méjèèjì ti fi ẹ̀rọ yẹn ṣe àwo tiwọn, ó dára, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́wọ́ àwọn olùfẹ́ irú orin bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí tó ṣòro láti gbójú fò ni pé àwọn méjèèjì fi Stevie sílẹ̀ ní 1974, lórí ọ̀rọ̀ orúkọ àti owó tí wọ́n gbà pé ó yẹ àwọn. Ẹni tó fi lọ́yà gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ rí tiwọn gbà. Èyí bu ìtàn náà kù díẹ̀, kò sì da àríyànjiyàn mi rú: àwọn náà kò ní ìwé tó dáa.

Kí a sì wo àwọn tí kò ní in ní Motown gan-an. Nígbà tí àwọn ọmọ Jackson fẹ́ kúrò níbẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n rí i pé orúkọ Jackson 5 kì í ṣe tiwọn, ilé-iṣẹ́ ló ni ín; wọ́n di The Jacksons níbòmíràn. Florence Ballard, tó dá ẹgbẹ́ The Supremes sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ wà nínú orin ńlá ńlá, ó kúrò ní 1967, ó pe ẹjọ́, kò rí nǹkan kan dì mú, ó sì kú ní 1976 lọ́mọ ọdún 32 lẹ́yìn tó ti ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Ballard kò ní ẹ̀bùn.

Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́rin tí Innervisions jáde ní oṣù Kẹjọ 1973 tí ọkọ̀ tí Stevie wà nínú rẹ̀ kọlu ọkọ̀ agégẹdú ní North Carolina. Ó wà láìmọ ara fún ọjọ́ mélòó kan. Ó yè, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Grammy fún àwo tó dára jù lọ́dún, ní 1974. Ó tún un gbà ní 1975. Nígbà tí Paul Simon gbà á ní 1976, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Stevie pé kò gbé àwo jáde lọ́dún yẹn. Ní 1977, Songs in the Key of Life tún gbé e. Níbo ni Stevie wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Èkó ni. FESTAC, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó sì wà níbẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti fi sátẹ́láìtì mú àwòrán àti ohùn rẹ̀ dé California, kò já geere, ni Andy Williams tó ń darí ètò bá bi í bóyá ó ń rí wọn. Afọ́jú ni ó bi ní ìbéèrè yẹn, níwájú gbogbo Amẹ́ríkà.

Ìtakò kan wà tí n kò lè bì ṣubú. Wọ́n ní òmìnira yẹn náà ló sọ ọ́ di alọ́ra. Ní 1975, Motown bá a ṣe àdéhùn tuntun tí irú iye owó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nígbà náà, ó sì tó ọdún kan kí àwo tí wọ́n ń retí tó jáde, débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ sí pé ó kù díẹ̀ kó parí. Àwo 1979, tó ṣe fún fíìmù kan lórí ìgbésí ayé àwọn ewéko, dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Láti 2005 tí A Time to Love ti jáde, kò tíì gbé odindi àwo orin tuntun jáde. Ilé tó ní ìgbìmọ̀ yóò ti sọ fún un pé ó tó, gbé e wá. Mo gbà. Bí mo bá ní láti yàn láàárín akọrin tó ń gbé àwo tí ẹlòmíràn fẹ́ jáde lọ́dọọdún àti èyí tó fi ọdún márùn-ún ṣe ohun tí ayé kò tíì gbọ́ rí, tó sì wá lọ́ra, èkejì ni n ó mú.

Òmìnira náà kò sì mọ sórí orin. Ó fi orin "Happy Birthday", tó wà nínú àwo Hotter than July ti 1980, pe àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n ya ọjọ́ ìbí Martin Luther King sọ́tọ̀ fún ìsinmi. Ó pe ìwọ́de ńlá ní Washington ní oṣù Kìíní 1981, ó ń fi àkókò àti owó ara rẹ̀ sí i. Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin náà ní 1983, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe ìsinmi náà ní 1986. Nígbà tó gba Oscar ní 1985, ó fi í fún Nelson Mandela tó wà lẹ́wọ̀n, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa sì ní kí rédíò wọn má ṣe lu orin rẹ̀ mọ́. Akọrin tí ilé-iṣẹ́ ń bá fọwọ́ sí gbogbo nǹkan, kí ó tó sọ̀rọ̀ báyìí, yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ẹnìkan lè sọ pé Stevie ju ẹgbẹ́ lọ, pé ọmọ ọdún 21 tí orin rẹ̀ ti ń tà láti kékeré ló lè pàṣẹ fún Gordy, pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, kò lè gba gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Vigoda gbé sórí tábìlì, ta ló ni orin, ta ló ni àwo, ta ló ń pinnu, kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láti béèrè. Ní oṣù Kẹwàá 2020, ọdún 59 lẹ́yìn tí Ronnie White mú un wọlé síbẹ̀, Stevie kúrò ní Motown, ó sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó wá àwo méjì gbọ́: For Once in My Life ti 1968 àti Innervisions ti 1973. Kó gbọ́ wọn láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kó sì ka orúkọ àwọn tó kọ orin kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn páálí wọn. Orin mẹ́sàn-án ló wà nínú Innervisions. Stevie Wonder nìkan ló kọ gbogbo wọn.